Ìdìbò Ìjọba Ìbílẹ̀: A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Bí a bá dárúkọ ìdìbò létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni ìdìbò Ààrẹ tàbí ti Gómìnà. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ kì í ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a jókòó sílé ní ọjọ́ náà, wọn a ní kò sí ohun tí ó kàn wọ́n níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú gbogbo ìjọba tí ó wà lórí wa, èyí ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa jù lọ. Lónìí, a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká, ohun tí ìdìbò yìí wà fún, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ohun tí ojú wa rí nígbà tí a kò ṣe é, àti bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Tirẹ̀ ni láti kọ́ ọjà àti ibùdókọ̀, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Tirẹ̀ ni ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, àti kíkó pàǹtí kúrò nílẹ̀. Òun ni ó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ti òkú àti ti àwọn tí ó gbéyàwó sínú ìwé. Òun ni ó ń sọ òpópónà lórúkọ, tí ó sì ń fi nọ́ńbà sára ilé. Òun ni ó ń díye lé ilé láti gba owó orí ilé, òun náà ni ó sì ń fún oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ọlọ́mọlanke ní ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní ipa tirẹ̀ láti kó pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò. Ìyálọ́jà tí ń tajà ní Òkè-Ajé, awakọ̀ ní gáréèjì, aboyún tí ń lọ sí ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀, àgbẹ̀ tí ń ru ẹrù bọ̀ láti Ọ̀ṣọ̀sà, gbogbo wọn ni iṣẹ́ yìí kàn lójoojúmọ́. Bí gọ́tà àdúgbò bá dí, tí omi sì ń wọ yàrá, kì í ṣe Ààrẹ ní Àbújá ni a óò kọ́kọ́ ké sí.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, Awùjalẹ̀ kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ìlámùrẹ̀n wà, Òṣùgbó wà, Pàm̀pá sì wà tí ó ń gbẹnu sọ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni pé a kò mọ àpótí ìdìbò nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀, ó fi àṣẹ ìbílẹ̀ sí ọwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jíhìn fún, kì í ṣe ará ìlú.

Ní 1952 ni àyípadà ńlá dé. Ní ọdún náà, Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin tuntun lórí ìjọba ìbílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni Mínísítà fún Ìjọba Ìbílẹ̀ nígbà náà. Òfin yìí sọ pé nínú mẹ́ńbà mẹ́rin ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ó kéré tán, mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ará ìlú dìbò yàn. Àyè kò tán fún àwọn ọba àti ìjòyè, nítorí pé wọ́n ṣì ní ìjókòó tiwọn, ọba sì lè jẹ́ Ààrẹ ìgbìmọ̀ fún iyì àti ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ ìlú di ti àwọn tí a yàn. Ọba Daniel Adésànyà, Gbélégbùwà Kejì, tí ó jọba láti 1933 di 1959, ni ó wà lórí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ nígbà tí àyípadà yìí dé.

NÍGBÀ TÍ A KÒ DÌBÒ

Ètò yìí kò pẹ́ tí ó fi mì. Láàárín 1962 sí 1965, nígbà tí ìjà òṣèlú gba Ìwọ̀-Oòrùn kan, ìjọba tú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ká, ó sì fi àwọn tí ó fúnra rẹ̀ yàn rọ́pò wọn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Oṣù Kìn-ín-ní 1966, wọ́n fi alákòóso kan ṣoṣo sí orí àwọn káńsù. Owó orí kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni owó tí káńsù ń gbà kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ará ìlú lè bi léèrè kò sí mọ́.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Ní ìparí 1968, àwọn àgbẹ̀ dìde ní agbègbè Ìbàdàn àti ní ibòmíràn nínú ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní owó orí ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ kí ó wá sílẹ̀ sí ọgbọ̀n ṣílè; wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ káńsù àti àwọn tí ń fi ipá gba owó. Wàhálà náà wọ 1969, ẹ̀mí àwọn ará ìlú àti ti àwọn agbófinró sì bá a lọ. Kì í ṣe àìní ìdìbò nìkan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé owó kòkó àti ọ̀nà oko tí ó bàjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tí kò rí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́, kò níí ṣàì fi ìbínú sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ní 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ tún ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà, a sì dìbò ní òpin ọdún náà. Ṣùgbọ́n láàárín 1979 sí 1983, ìgbìmọ̀ tí a kò dìbò yàn tún gba orí àga. A dìbò ní 1987, a dìbò ní 1990, a sì tún dìbò ní 5 Oṣù Kejìlá 1998. Lẹ́yìn 1999 náà, ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ a máa fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ dípò ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn, bí Abala 7 òfin ìpìlẹ̀ tilẹ̀ sọ pé àwọn tí a dìbò yàn ni kí ó wà níbẹ̀. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé ìwà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, àti pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn lọ́wọ́ tààrà.

BÍ A ṢE Ń DÌBÒ NÍSINSÌNYÍ

Àjọ elétò ìdìbò Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a mọ̀ sí OGSIEC, ni ó ń ṣètò ìdìbò yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, Ìjẹ̀bú-Òde sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A pín gbogbo wọn sí wọ́ọ̀dù 236. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń yan káńsẹ́lọ̀ kan, gbogbo wọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀ kan sì ń pawọ́ pọ̀ yan alága. Ìdìbò irú èyí wáyé ní 16 Oṣù Kọkànlá 2024.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, ni ó lè dìbò. Nítorí náà, iforúkọsílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ṣí kúrò ní Pọ́rógun lọ sí Ìsíwọ̀ láìsọ fún àjọ INEC kí wọ́n tún ibùdó ìdìbò rẹ̀ ṣe, yóò bá orúkọ rẹ̀ níbi tí ó ti kúrò. Ní ọjọ́ ìdìbò, a óò fún olùdìbò ní ìwé fún ipò alága àti ìwé fún ti káńsẹ́lọ̀. Àmì ẹgbẹ́ ni ó wà lórí wọn. Kí ó tẹ ìka sí ẹ̀gbẹ́ àmì kan ṣoṣo lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó ká a, kí ó sì sọ ọ́ sínú àpótí. Bí ó bá tẹ ìka sí ẹ̀gbẹ́ àmì méjì, ìbò náà ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó dìbò fún, ì báà ṣe baálé ilé tàbí olóyè.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍ ÌLẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ń gbé ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó dára kí á mọ bí tiwọn ṣe rí. Káńsù 36 ni a ń pè ní metropolitan borough níbẹ̀. Manchester, Salford àti Leeds wà lára wọn. Òfin 1972 ni ó dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974. Káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣojú fún wọ́ọ̀dù kan. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn káńsù náà, a kì í yan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni a ń yàn lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin, a kò ní dìbò. Èyí jẹ́ kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, láìdúró de ọdún mẹ́rin gbáko.

Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ó sì ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò nínú ìdìbò káńsù, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Àjọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Láti 2023, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ sí ibùdó ìdìbò.

ÈRÈ WO NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Àwọn kan ń bi wá pé, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ APC tí ó wà lórí àga ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó gba ipò alága gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní Ògùn ní 2024, kí ni ìbò ẹnì kan lè ṣe? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, irú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìdáhùn wa ni pé wọ́ọ̀dù kéré. Ẹni tí ń wá ipò káńsẹ́lọ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ ilé baba rẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í fẹ́ràn láti fa ẹni tí àdúgbò kò fẹ́ kalẹ̀, bí ó bá mọ̀ pé àdúgbò náà yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé wọn yóò jókòó sílé, ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú ni yóò fà kalẹ̀.

Iṣẹ́ olùdìbò kò sì parí ní ọjọ́ tí ó tẹ ìka. Ní báyìí tí ilé ẹjọ́ ti ní kí owó máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, àwọn régbérégbé àti àwọn ìyálọ́jà pe káńsẹ́lọ̀ wọn sí ìpàdé, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí àkókò ìdìbò mìíràn bá dé, kí wọ́n mú ìwé náà jáde, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tó lọ sí ibi àpótí.