Ọ̀nà kan ò wọjà: Bí a ṣe ń wá ìròyìn àtijọ́ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2020, Hannah Durkin, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde tó yí ohun tí àwọn òpìtàn ti gbà gbọ́ padà. Ó fi hàn pé Matilda McCrear ló gbẹ̀yìn láyé nínú àwọn tí ọkọ̀ Clotilda kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá ni ìyá yìí, ilà sì wà lójú rẹ̀. Ìlú Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ló kú sí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1940. Lára ẹ̀rí tí ìwádìí náà dúró lé ni ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn ìlú náà, Selma Times-Journal. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 90 ọdún, síbẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè nígbà náà kò mọ irú ipò tí ìyá àgbà òun wà nínú ìtàn.

Ìbéèrè tó yẹ kí àwa náà bi ara wa ni pé, kí ló tún kù nípa àwọn ènìyàn wa nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí? Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí a óò máa pè ní àká ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wà nínú àká, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ bí yóò ṣe mú un jáde. Ìtàn ọkọ̀ Clotilda yìí náà la óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1860, ọkọ̀ náà kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti èbúté Ouidah, ní ilẹ̀ Dahomey tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, lọ sí Mobile ní Alabama. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ wọn láti òkè òkun léèwọ̀, nítorí náà ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, William Foster, ṣe dáná sun ún kí àṣírí má baà tú. Ẹni tí ayé mọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó ni Cudjo Lewis, tí orúkọ rẹ̀ nílé ń jẹ́ Kossola, tó kú lọ́dún 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú odò.

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìròyìn nípa wọn lè lọ sí àká Chronicling America, tí ilé ìkàwé Library of Congress ní Washington ń bójú tó. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, ojú ìwé tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 20, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ ń wá. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ nìkan ló mọ̀, lẹ́tà náà ni yóò sì máa wá kiri.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà ìkọ̀wé orúkọ fi ṣe pàtàkì. Bí àwọn ìwé ìròyìn kan ṣe ń kọ Clotilda ni àwọn mìíràn ń kọ Clotilde. Wọ́n ń kọ Cudjo, wọ́n tún ń kọ Cudjoe. Kossola di Kazoola lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kan, ó di Kossula lọ́wọ́ òmíràn. Ìyá McCrear fúnra rẹ̀, Creagh ni orúkọ ẹni tó rà á lẹ́rú, òun ló sì yí i padà sí McCrear lẹ́yìn òmìnira. Ẹ kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ OR sáàárín wọn, ní lẹ́tà ńlá, ọ̀pọ̀ àká ni yóò wá gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ Clotilde nìkan, ẹ óò kó sínú ìyọnu mìíràn. Lọ́dún 1859, ọmọ ọba Savoy kan tó ń jẹ́ Clotilde ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Napoleon, mọ̀lẹ́bí ọba ilẹ̀ Faransé, ìròyìn tirẹ̀ náà sì wà nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà. Kí ẹ má baà máa ka ti ọmọ ọba níbi tí ẹ ti ń wá ti ọkọ̀ ẹrú, ẹ lo ojú ìwé ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí àká náà ní. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè sọ pé kí Clotilde àti Mobile wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀rọ̀ 10 péré má ju àárín wọn lọ. Bí ó bá sì jẹ́ odidi gbólóhùn ni ẹ ń wá, irú bíi “Cudjo Lewis”, ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí kọ̀ǹpútà má baà máa kó gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Lewis wá fún yín.

Ẹ tún fi ọjọ́ dè é. Ẹni tó ń wá bí ọkọ̀ náà ṣe gúnlẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1860, ẹni tó ń wá ìròyìn ikú Cudjo yóò wo ọdún 1935. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìpínlẹ̀ Alabama nìkan dè é, nítorí pé àwọn ìwé ìròyìn ayé àtijọ́ máa ń da ìròyìn ara wọn kọ. Ohun tó sọnù ní Mobile lè wà ní New York.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà náà ni kí ẹ lò, bó tilẹ̀ ń dun ni. Kì í ṣe “African American” ni wọ́n sábà ń kọ nínú ìròyìn ọdún 1860. “Africans”, “negroes” àti “slaver” ni wọ́n ń kọ. Àgbàlagbà bíi Cudjo, “Uncle” ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní “Mister”.

Ohun mìíràn tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni pé kọ̀ǹpútà ló ka àwòrán ojú ìwé, tó sì sọ ọ́ di lẹ́tà. Níbi tí yíǹkì bá ti ṣá tàbí tí ìwé ti ya, ó lè ka “m” sí “rn”, kó sì ka “l” sí “1”. Bí orúkọ kò bá jáde, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kó wà nínú ìròyìn náà. Bí ẹ bá sì mọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ ṣí ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, kí ẹ fi ojú ara yín kà á láti ojú ìwé kìíní títí dé ìparí.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló wúlò fún ẹni tó ń wá ìtàn oyè, ilẹ̀ tàbí ìdílé nílé níbí. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ wa ti ń wọ inú ìwé ìròyìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń kọ Abẹ́òkúta ní Abbeokuta, àwọn arìnrìn-àjò wọn kan sì kọ Yorùbá ní Yarriba. Ẹ kọ́kọ́ tẹ orúkọ láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ tó wá fi àmì sí i. Níbi tí àlejò kò ti ní dá orúkọ ìlú tàbí oríkì mọ̀, ọmọ Yorùbá yóò dá a mọ̀. Àǹfààní tí a ní nìyẹn.

Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà, ọjọ́ rẹ̀ àti ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Kí ẹ sì fi wé òmíràn kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí pé iye ènìyàn tí wọ́n ní Clotilda kó kò dọ́gba níbi gbogbo. Bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ má ṣe yára sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwé ìròyìn ló ti wọ inú àká, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Odidi 80 ọdún ni Matilda McCrear fi wà nínú ilẹ̀ kí ayé tó mọ ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún oníròyìn nígbà tó wà láàyè.