Ọ̀rọ̀ Ọmọ Bíbí Lẹ́nu Olùtọ́jú Aláìsàn

Nígbà wo ni ó yẹ kí a bá ọ̀dọ́ tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí? Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Oògùn líle àti ìtànṣán lè ba àtọ̀ tàbí ẹyin jẹ́; kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a kó wọn pamọ́ sínú òtútù. Ní 2006, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, là á sílẹ̀ pé kí oníṣègùn tètè ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa di olùtọ́jú lẹ́nu, pàápàá bí òbí bá jókòó ti ọ̀dọ́ náà. Nítorí èyí ni ẹ̀kọ́ ECHO, ọlọ́sẹ̀ 8, fi wáyé níbẹ̀, láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọn yóò ṣe sọ ọ́. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ lásìkò kò lè yàn.