Etí Ìró Ni Owó Náà Ti Jáde

Nígbàkígbà tí ọlidé bá parí, tí Diébédo Francis Kéré bá fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, agboolé dé agboolé ló máa ń lọ dágbére ní Gando. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, ìyá náà á tú etí ìró, á yọ owó wẹ́wẹ́ tó kù síbẹ̀, á fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kejì, bẹ́ẹ̀ ni ìkẹta. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi fẹ́ràn òun tó báyìí. Ìyá rẹ̀ ní owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dá, wọ́n gbà pé lọ́jọ́ kan yóò padà wá tún ìlú ṣe.

Abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso ni Gando. Nígbà tí wọ́n bí Kéré ní 1965, kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Baálẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àkọ́bí òun mọ ìwé, ló bá rán an lọ sí Tenkodogo ní ọmọ ọdún méje. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì móoru bí ẹnu ààrò. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì onípáànù ní Ìgbẹ́sà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ní agogo kan ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà mọ irú ooru bẹ́ẹ̀: òógùn á máa kán sórí ìwé, ohùn olùkọ́ á sì máa jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1985, Kéré rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Jámánì láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó tún forí lé ìwé kíkà lálẹ́, títí ó fi wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí dúró síbí díẹ̀. Ọkùnrin yìí kò dúró dìgbà tó gba ìwé ẹ̀rí. Ní 1998, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Gando. Ó ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dín owó kọfí àti sìgá kù, kí wọ́n fi ìyẹn ran òun lọ́wọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣa owó jọ, ó sì tó 50,000 dọ́là.

Nígbà tó gbé àwòrán dé ilé, ó ní amọ̀ ni òun fẹ́ lò. Inú bí àwọn ará ilé. Kí ọmọ lọ sí Jámánì, kó kàwé títí, kó wá padà wá fi ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ fi kọ́lé kọ́ ilé ẹ̀kọ́? Àwọn náà mọ amọ̀ dáadáa, wọ́n sì mọ ohun tí òjò ń fi ojú ògiri rẹ̀ rí lọ́dọọdún. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ní ìlú tiwa náà, ẹni tó bá ti rí owó búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù ló ń rà. Ilé amọ̀ ti di àmì òṣì lójú wa. Kéré ní láti fi iṣẹ́ hàn wọ́n kí wọ́n tó gbà. Ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀ kí òjò má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di bíríkì.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, irú ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń kọ́lé. Àwọn ọmọdé ṣa òkúta ìpìlẹ̀, àwọn ìyá ru omi, àwọn ọkùnrin tẹ bíríkì. Nígbà tó kan ilẹ̀ yàrá, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olúkúlùkù mú igi lọ́wọ́, wọ́n ń lu amọ̀ náà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ó fi le. Wọ́n wá fi òkúta ra á, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ra ilẹ̀ ilé nígbà kan, títí ó fi jọ̀lọ̀.

Òrùlé ló wù mí jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, páànù ló bo kíláàsì tààrà. Bí oòrùn bá ti mú un, orí àwọn ọmọ ni ooru ń já lù. Kéré gbé páànù tirẹ̀ sókè, ó mú un jìnnà sí yàrá. Irin rọ́ọ̀dù tí bíríkìlà ń tò sínú kọ́ńkéré ni wọ́n jó pọ̀ láti fi gbé e dúró. Ayùn ọwọ́ àti ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré ti tó wọn fún iṣẹ́ náà. Lábẹ́ páànù, wọ́n fi bíríkì amọ̀ ṣe àjà tó ní ihò. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, ooru ń gba ihò àjà jáde, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láàárín àjà àti páànù á sì gbá a lọ. Wọn kò nílò fáànù. Àgbà tó ti sun ilé àjà rí nílẹ̀ Yorùbá á rántí pé amọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí igi lábẹ́ òrùlé koríko, iṣẹ́ tó jọ èyí ló ń ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001. Ní 2004, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ọdún yẹn gan-an sì ni Kéré ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé dé, àwọn ìyá Gando kó ìkòkò amọ̀ wá; wọ́n gé wọn, wọ́n tò wọ́n sí òrùlé, wọ́n da kọ́ńkéré yí wọn ká, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹnu ìkòkò. Ní 2010, òun ló ya àwọn ilé tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá Bamako, nígbà tí Mali ń ṣe àádọ́ta ọdún òmìnira. Ní 2022, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, ẹ̀bùn àwọn tó ń ya àwòrán ilé.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ mú mi rántí Greensboro, ìlú kékeré kan ní Alabama, ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Auburn, lábẹ́ ètò Rural Studio tí Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá sílẹ̀ ní 1993, ló fi ọwọ́ ara wọn tún ọgbà kan ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ kan dé, wọ́n ṣe pápá eré. Ọwọ́ mìíràn ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kan kó nǹkan bí 2,000 àgbá onírin tí wọ́n ti fi kó òróró míǹtì rí, wọ́n tò wọ́n pọ̀ di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sá pamọ́ fún ara wọn. Ẹni tó ya àwòrán ló tún ń gbẹ́lẹ̀. Bí ohun tó yà lórí ìwé kò bá ṣeé ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Kí ló kù tí Ìgbẹ́sà kò ní? Yunifásítì Crawford ti wà níbẹ̀ láti 2005, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ibi òwò ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong títí dé Àgbárá àti Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ pọ̀, àgbá òfìfo kò sì lè wọ́n níbi tí ilé-iṣẹ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ pupa wà, wẹ́dà àti káfíńtà wà lẹ́bàá títì. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà fún kò ju ilẹ̀ kan lọ, kó má tóbi, kó ṣáà ní igi tó ṣíji bolẹ̀. Kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tọdún yìí ṣe ìjókòó síbẹ̀, kí ti ọdún tó ń bọ̀ ṣe òrùlé tó gbé ara sókè, kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí òjìji wà.

Ní Gando, àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíríkì, tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin lẹ́nu iṣẹ́ náà, ti di oníṣẹ́ ọwọ́. Tẹ́lẹ̀, oko olóko ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà ń lọ ṣe lébìrà. Báyìí, wọ́n ń ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá kọ́lé níbòmíràn, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn.