Igi Ọ̀pẹ Ojú Fèrèsé Màámi

A ti san owó agégi. Lọ́jọ́ Sátidé ló yẹ kó wá gé igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn, kí àwọn bíríkìlà lè tẹ́ íntálọ́ọ̀kì sí gbogbo àgbàlá náà láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Èkó ló fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo dá àbá. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó kọ́lé sórí ọ̀pẹ náà ti sú mi. Òru ni mo máa ń kọ̀wé, ìdájí ni mo máa ń sùn, ìdájí yìí kan náà sì ni àwọn ẹ̀gà máa ń bẹ̀rẹ̀ àròyé wọn. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi ń fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wé ẹ̀gà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, tí egungun itan wọn sì dá. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀rọ̀ igi. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, Màámi sì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn kí a tó gbé wọn wálé, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dá dìde láìsí ẹni tí yóò dì wọ́n mú. Yàrá ẹ̀yìn la tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sí, torí pé òun ló sún mọ́ ilé ìwẹ̀ jù. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí igi ọ̀pẹ.

Ọdún 31 ni Màámi fi ta aṣọ ní ọjà Gbági. Ẹni tí ń jí lọ sọ́jà ní kùtùkùtù, tí ń bá oníbàárà nájà títí di ìrọ̀lẹ́, ló wá di ẹni tí a ń gbé oúnjẹ fún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí a bá kí wọn, wọ́n á kàn mi orí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń béèrè ni ìgbà tí wọn yóò tún lo oògùn ìrora.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Màámi kò yíjú kúrò ní fèrèsé. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin yẹn ti tún tú ilé rẹ̀ palẹ̀ o. Obìnrin tó wá wò ó kò gbà á.”

Mo rò pé aládùúgbò wa kan ni wọ́n ń sọ. “Ọkùnrin wo nìyẹn, Màámi?”

“Ẹ̀gà ni. Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí yóò kọ́ ọ.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú.

Òótọ́ ni Màámi sọ. Akọ ẹ̀gà ló ń kọ́lé. Yóò fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì hun ún di ìtẹ́ tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀. Bó bá parí, yóò dorí kodò lábẹ́ ìtẹ́ náà, yóò máa gbọn apá, yóò máa ké pe abo. Abo yóò wọlé, yóò yẹ ibẹ̀ wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kó koríko tó rọ̀ sínú rẹ̀, yóò sì yé ẹyin. Bí kò bá sí abo tó gbà á títí ìtẹ́ náà fi gbẹ, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ṣá, akọ yóò tú u, yóò tún òmíràn kọ́. Nicholas Collias àti ìyàwó rẹ̀, Elsie, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìwà ẹyẹ yìí, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí Màámi rí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Ṣé lóòótọ́ ni igi àti ẹyẹ lè ṣe ara ẹni lóore, àbí ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá mi ló ń tàn mí?

Ohun tí fèrèsé ń ṣe

Ìwádìí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science lọ́dún 1984. Roger Ulrich ló ṣe é. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972 sí 1981. Gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti yọ àpò òróǹro. Ó mú ènìyàn 46, ó sì so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì, kí ọjọ́ orí àti ipò ara wọn lè bá ara mu. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, fèrèsé ẹnì kan kọjú sí igi, ti ẹnì kejì kọjú sí ògiri bíríkì.

Àwọn tó ń wo igi tètè padà sílé. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 7.96 ni wọ́n lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí àwọn tó ń wo ògiri lo ọjọ́ 8.70. Oògùn ìrora tó lágbára tí wọ́n lò kéré sí ti àwọn ẹnìkejì wọn, àkọsílẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe nípa ẹkún àti ìbànújẹ́ wọn náà sì kéré.

Ènìyàn 46 kò pọ̀, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, mo dìde lọ wo yàrá ẹ̀yìn. Ká ní agégi ti wá ní Sátidé yẹn ni, ògiri aládùúgbò wa tí wọn kò tíì rẹ́ ni Màámi ìbá máa wò láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹyẹ mélòó lẹ rí lónìí?

Lọ́dún 2017, Daniel Cox, Kevin Gaston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń gbé ní Milton Keynes, Bedford àti Luton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó kópa lé ní 270. Níbi tí igi àti ewéko bá ti pọ̀, tí ẹyẹ tí ènìyàn lè rí lọ́sàn-án sì pọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì, àníyàn àti másùn-máwo àwọn ará ibẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irú ẹyẹ tó wà níbẹ̀ kọ́ ló ṣe kókó, iye wọn ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gà, òdèrèkókó àti ológoṣẹ́ tí a kò kà sí kì í ṣe ẹyẹ lásán.

Lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí ní King's College London lo áàpù orí fóònù láti máa béèrè lọ́wọ́ ènìyàn 1,292, láàárín ọjọ́, bóyá wọ́n rí ẹyẹ tàbí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, àti bí ọkàn wọn ti rí. Ọkàn wọn fúyẹ́ sí i nígbà tí ẹyẹ bá wà nítòsí, ìtura náà sì lè pẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ. Bó ṣe rí fún àwọn tó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ló rí fún àwọn tí kò ní. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Jámánì mú kí ènìyàn 295 tẹ́tí sí ariwo mọ́tò tàbí orin ẹyẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Ariwo mọ́tò dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì. Orin ẹyẹ dín àníyàn kù. Ojú tì mí díẹ̀. Èmi tí mo ń sun oorun àsùnwọra lábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, ẹ̀gà ni mo ń bá jà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè sọ pé bóyá olówó ló ń gbé níbi tí igi pọ̀ sí, tí owó wọn sì ń fún wọn ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Àwọn olùwádìí náà ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ìṣirò wọn. Síbẹ̀, pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ìlú tiwa. Mo mọ èyí, ṣùgbọ́n mo tún mọ ohun tí mo rí nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ bò

Ẹyẹ kì í dá gbé. Jennifer Owen, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, fi ọdún 30, bẹ̀rẹ̀ láti 1972, ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríṣi ohun abẹ̀mí 2,673 ló rí: ewéko 474, kòkòrò 1,997, ìyókù sì jẹ́ ẹyẹ àti ẹranko, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá bí aláǹtakùn àti ìgbín. Kì í ṣe inú igbó o, ọgbà ilé láàárín àdúgbò ni. Bí a bá fi símẹ́ǹtì bo ilẹ̀, a bo oúnjẹ ẹyẹ mọ́ ọn. Ẹ̀gà tí a mọ̀ sí ajẹkà pàápàá, kòkòrò ló máa ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìlú tiwa náà ní ohun tó yẹ ká tọ́jú. Nínú igbó tí wọ́n dáàbò bò ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, ni a ti lè rí ẹyẹ kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Malimbus ibadanensis. J. H. Elgood ló sọ ọ́ lórúkọ náà lọ́dún 1958. Ìbátan ẹ̀gà ni, ó dúdú, ó sì ní àwọ̀ pupa lórí àti láyà. Ní gbogbo ayé, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé, ó sì wà nínú ewu àkúrun nítorí igbó tí a ń pa run. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé wa ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú mi.

Ilẹ̀ tí a kò bò tún máa ń mu omi òjò. Ìbàdàn kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Íntálọ́ọ̀kì ilé kan kò lè fa omíyalé, ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá bo ilẹ̀ wọn, ojú títì ni omi òrùlé gbogbo wa yóò forí lé.

Àdéhùn

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀pẹ yẹn sílẹ̀.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ìwọ tí o ní ẹ̀gà fẹ́ yí ẹ lórí lo ń sọ̀rọ̀ yìí? Ibo la máa wá gbé mọ́tò sí?”

Ìbéèrè gidi ni. N kò lè fi ìwé ìwádìí dá a lóhùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá kí ìyá àgbà. Màámi fi ìtẹ́ ẹ̀gà hàn án. Nígbà tí àwọn lékèélékèé fò kọjá nírọ̀lẹ́, wọ́n kọ́ ọ bí àwa ọmọdé ṣe máa ń na ìka sókè láti tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà ń yẹ èékánná rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Bọ̀dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí bíríkìlà tẹ́ iwájú ilé nìkan, kí ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. A ní kí agégi gé imọ̀ gbígbẹ tí ejò lè sá sí, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan, tí ẹ kò ní àgbàlá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìwádìí tí Mathew White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún 2019 lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn tó ń lo ó kéré tán 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ níbi tí igi àti ewéko wà máa ń sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Bí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí wọ́n pín in kéékèèké, ọ̀kan náà ni. Agodi Gardens wà ní Ìbàdàn, Lekki Conservation Centre wà ní Èkó. Ìkòkò ewéko kan lójú fèrèsé àti abọ́ omi kan fún ẹyẹ kò gba àyè. Kí ẹ ṣáà máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Màámi ti ń fi ọ̀pá rìn. N kò ní sọ pé ẹ̀gà ló wò wọ́n sàn. Dókítà, oògùn àti ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ló ṣe é. Ohun tí ẹ̀gà ṣe ni pé wọ́n fún wọn ní ìdí láti máa retí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí mo ṣe ń parí àròkọ yìí ní ìdájí òní, àròyé ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Màámi ké sí mi láti yàrá ẹ̀yìn: “Àbẹ̀kẹ́, wá wò ó! Obìnrin kan ti wọlé, kò tíì jáde o.”