Ìbẹ̀rù Ìkùnà Nínú Iṣẹ́ Ìkọ̀wé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà ni ó mọ ìtàn í sọ, ṣùgbọ́n bí o bá gbé tákàdá fún wọn, ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n. Wọn a kọ gbólóhùn kìíní, wọn a pa á rẹ́, títí tákàdá yóò fi ya. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fà á. Ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ ni.

Wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí wa, tí a bí ní 1920. Ọdún díẹ̀ ni ó lò ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ní Èkó. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó fi kọ ìtàn ọ̀mu-ẹmu rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó wá fara balẹ̀ tún un ṣe. Nígbà tí ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bú u pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Ní 1954, ó tún gbé òmíràn jáde.

(N kò ní kí o fojú di àkọtọ́ o! Olùyẹ̀wò yóò gé máàkì rẹ.)

Ìwọ náà, kọ èrò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má dúró pa ohunkóhun rẹ́. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àkókò pé, padà sí gbólóhùn kìíní, kí o wá tún un ṣe.