"A Dúpẹ́" Nìkan Kò Tó fún Nọ́ọ̀sì

Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè àlàáfíà ìyá yín tí ó dá egungun itan, tí ó wà lórí ibùsùn ọsibítù, kí ni màmá máa ń fèsì? "A dúpẹ́" ni. Ọmọlúàbí kì í ráhùn níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ ni yóò kọ sílẹ̀, òun náà ni wọn yóò sì fi tọ́jú màmá.

Ètò ìtọ́jú a máa sọ ìṣòro aláìsàn, ibi tí a fẹ́ bá a dé, àti ọjọ́ tí a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. "Kí màmá lè rìn dáadáa" kò ṣeé wọ̀n. "Kí màmá fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀ láàárín ọjọ́ 5" ni ó ṣeé wọ̀n. Síbẹ̀, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bóyá ohun tí ó jẹ màmá lógún jù ni kí ó tún lè kúnlẹ̀ gbàdúrà, tàbí kí ó ro ọkà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni kí nọ́ọ̀sì kọ.

Bí màmá bá ń padà sílé ní ilẹ̀ England, òfin ìtọ́jú ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún un béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà ètò náà. Ẹ gbà á, kí ẹ kà á. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé e, ẹ béèrè ògbufọ̀.

Ẹ sọ fún màmá pé ẹni tí ó sọ ìrora rẹ̀ kì í ṣe aláìmoore.