Ẹṣin Tó Fẹ̀yìn Tì Padà Sílé Ẹ̀kọ́

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà la sábà máa ń kà. Tiwa lóṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ẹṣin náà ń gbé, ó sì ti kọ́ wa ní ọgbọ́n tí a kò rí rà lọ́jà.

Àwa tí a ń gbé ní Kàdúná kò ṣàjèjì sí ẹṣin. Bí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tàbí iléyá bá dé, a máa ń jáde lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin ọba. Àwọn mìíràn nínú wa a máa wọkọ̀ lọ wo ti Kánò, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú ní ọdún 2024. Àwọn baba ńlá wa pàápàá fi ẹṣin jagun ní Ọ̀yọ́ Ilé, Òkè Ọya níbí ni wọ́n sì ti ń rà wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021 pé ẹnì kan fẹ́ ta ẹṣin eré ìje kan tó ti pé ọmọ ọdún 13, a rò pé a mọ ohun tí à ń wọ̀.

Ẹṣin pupa ni, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, láti Sudan ni wọ́n ti mú un wá. Walƙiya ni wọ́n ń pè é lórí pápá, èyí tí í ṣe mànàmáná ní èdè Hausa. Ó ti gba ife rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ẹṣin ti ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwa méjì là ń dúró de iye owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ìdílé wa, àti ọkùnrin kan tó ń ra ẹran fún pípa. Ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún 15 nígbà náà, di okùn ọrùn ẹṣin náà mú, ó ní òun kò kúrò níbẹ̀. Báyìí la ṣe sanwó.

Ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi kọ́ ẹṣin náà ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní dressage. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìkọ́ni lọ. Kì í ṣe eré àsápajúdé, kì í sì í ṣe fífo igi. Nínú pápá tó gùn ní 40 mítà tó sì fẹ̀ ní 20, ẹṣin yóò rìn, yóò sá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò yípo, yóò dúró ṣinṣin, gbogbo rẹ̀ ní ibi tí ìwé ìdánwò bá pè é sí, láìjẹ́ pé òǹwòran rí bí ẹlẹ́ṣin ṣe bá a sọ̀rọ̀. Adájọ́ a sì máa fún ìrìn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti oódo títí dé 10. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ó lé ní 2,300 ọdún tí Xenophon, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe kò lè ní ẹwà.

A kò ka Xenophon kí a tó bẹ̀rẹ̀. A rò pé ẹṣin tó dàgbà yóò rọrùn ju ọmọ ẹṣin lọ. Lọ́sẹ̀ kejì tó délé, a di gàárì sí i lẹ́yìn, ọmọ wa gùn ún. Ẹṣin náà ń yára díẹ̀, àwa òbí sì ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà pé, "Fa ìjánu! Fà á dáadáa!" Bí ọmọ ṣe fà á ni Walƙiya nara, tó sì fò lọ bí ẹni pé wọ́n yìnbọn. Ọmọ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ há a, eré náà tún le sí i. Ìgbà tí ó dé etí ọgbà ni ó yà bìrí, ọmọ sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Òwe wa ní ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni bá wà nílé ìwòsàn, òwe kì í tu ni nínú. Ìyá rẹ̀ ní kí a ta ẹṣin náà kí ilẹ̀ tó ṣú. A tẹ ẹni tí ń ra ẹran láago. Ó ní òun ṣì ń rà, òun yóò wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹni tó gba ẹṣin náà sílẹ̀ ni Mallam tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀, bàbá Hausa kan tó ti dàgbà sídìí ẹṣin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ẹ má bínú sí ẹṣin. Ẹ̀yin lẹ ní kí ó sáré, ó sì sáré." A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún wa.

Lórí pápá eré, bí ẹni tó gùn ún bá kó ìjánu jọ, tí ó sì dì í mú gírí, ẹṣin a fi ẹnu rẹ̀ tì í, a máa lò ó bí ọ̀pá ìtilẹ̀, a sì túbọ̀ sáré. Fífà tí àwa ń fà á, ohun tó kọ́ láti kékeré ni pé, "Ó yá, máa lọ!" Ẹni tó ń gùn ún níbẹ̀ kì í jókòó lé e lẹ́yìn, á dìde dúró lórí irin ìtẹ̀sẹ̀, á tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ìdí ènìyàn lórí gàárì àti ẹsẹ̀ gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà jẹ́ àjèjì sí i. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti dúró jẹ́ẹ́ kí ènìyàn gùn ún, nítorí bó ṣe ń rìn lọ ni wọ́n máa ń gbé ẹni tí yóò gùn ún sókè. Kò ṣe àìgbọràn rárá. Àwa la ń bá a sọ èdè tí a kò gbọ́.

Ìyá ọmọ dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí a fún ẹṣin náà ní oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọmọ òun kò gbọdọ̀ gùn ún títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. A tẹ oníẹran láago pé kí ó má wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ṣe, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a kò gùn ún rárá. Dókítà ẹran wò ó láti etí dé pátákò. Eyín ẹṣin kì í yé yọ, etí rẹ̀ a sì máa mú bí ọ̀bẹ; ti Walƙiya ti ń gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìjánu sì ń dá kún un. Dókítà fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó ní gàárì wa há jù, ó ń tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí a dín ọkà bàbà kù, kí a fi kún koríko. Inú ẹṣin kéré, omi kíkan kì í sì í dẹ́kun láti máa sun níbẹ̀. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá jẹ́ ọkà púpọ̀ pẹ̀lú koríko díẹ̀, inú a dá egbò, ara ẹṣin kò sì ní balẹ̀. Ẹṣin kò lè bì, nítorí náà inú rírun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún un.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ wa wà nílé pẹ̀lú P.O.P. lọ́wọ́, ó ń kàwé. Òun ló ka ìtàn Lis Hartel, obìnrin ará Denmark, sétí wa. Ní ọdún 1944, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tó lóyún. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1952, tí wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láyè nínú dressage ti ìdíje Òlíḿpíìkì, wọ́n gbé e lé ẹṣin rẹ̀ Jubilee ní Helsinki, ó sì gba fàdákà. Ó tún gba fàdákà ní ọdún 1956. Ìyá ọmọ gbọ́ èyí, ó ní, "Bí ẹni tí kò lágbára lẹ́sẹ̀ bá lè ṣe é, a jẹ́ pé kì í ṣe agbára ni wọ́n fi ń ṣe é." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Lóṣù kẹrin, a bẹ̀rẹ̀ nídìí dídúró. Ọmọ yóò gùn ún láti orí àpótí, ẹṣin yóò dúró, Mallam yóò fún un ní kárọ́ọ̀tì, ọmọ yóò sọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi gálọ́ọ̀nù òróró tí a kùn lọ́dà funfun sàmì sí pápá tiwa lórí ilẹ̀ oníyanrìn, nítorí pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ Kàdúná a máa le bí òkúta, oríkèé ẹṣin àgbà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 la ń lò, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù. Ìrìn lásán ló ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí oríkèé lè gbóná. A ń jẹ́ kí ó na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé sókè. A ń yí òbìrípo ńlá ti 20 mítà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Apá ọ̀tún rẹ̀ gan bí igi fún ọdún kan gbáko. Bí ó bá fẹ́ sáré, ọmọ kò fà á. Á mí kanlẹ̀, á jókòó wúwo díẹ̀, á tún un yí sínú òbìrípo. Mallam a máa wí pé, "Sannu ba ta hana zuwa": pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò ní kí a má dé.

Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ dressage ni kí ẹṣin kọ́ láti gba ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí alárù ti ń tẹ orúnkún kí ó tó gbé àpò. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Àwọn akọ ẹṣin funfun ti ilé ẹ̀kọ́ Spanish Riding School ní Vienna a máa lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ní 20 ọdún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: 13 kò tíì pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹgbẹ́ Retraining of Racehorses sílẹ̀ ní ọdún 2000 nítorí irú àwọn ẹṣin báyìí, kí òpin eré má baà di òpin ẹ̀mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, ọmọ wa gun Walƙiya wọ àárín pápá, ó jókòó wúwo, kò fa nǹkan kan. Ẹṣin náà dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba bí ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì ń jẹ ìjánu rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi ní kí ó máa lọ. Kò sí ife, kò sí ìpàtẹ́wọ́. Ìyá ọmọ ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń fi etí ìró nu ojú.

A kò purọ́ fún yín: kò ní dé Òlíḿpíìkì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì gan ní àárọ̀ ọyẹ́, bí ó bá sì gbọ́ ariwo ọ̀pọ̀ ẹṣin lókèèrè, etí rẹ̀ a dìde, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ohun tó kọ́ láti kékeré kò parẹ́. Ó kàn rí ohun mìíràn kọ́ lé e ni. Ọmọ wa náà ti lọ sí yunifásítì ní Zaria láti ọdún 2024, iṣẹ́ dókítà ẹran ló ń kọ́. Nígbà tí kò sí nílé, ìyá rẹ̀ tó ní kí a tà á ló ń mú un rìn láràárọ̀.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ènìyàn ń sọ fún pé kò sí ohun tuntun tí ẹ tún lè kọ́, ẹ yà sílé wa ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí ẹ wá wo akẹ́gbẹ́ yín. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ta ohun tí ó yẹ kí a kọ́. Kí ó sì sin gbogbo wa délé láyọ̀. Àṣẹ.